Orí Kẹfà: Oúnjẹ Ọdún Nínú Yàrá Ìtọ́jú

Ní ọ̀pọ̀ yàrá ìtọ́jú, ife oníke ni wọ́n máa ń tò síwájú ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Kó o láti ọ̀tún lọ sí òsì. Kó o padà. Iṣẹ́ náà ń ṣe ọwọ́ lóore lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń dúró de ife, aláìsàn náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá tò ó tán, wọn á tú u ká, wọn á ní kó tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń ní ó ti rẹ òun kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni yìí kan náà lè jókòó ti atẹ ẹ̀wà fún wákàtí kan gbáko bí ọdún bá ku ọ̀la, torí ó mọ iye ẹnu tó ń bọ̀ wá jẹ ẹ́.

Orí yìí dá lórí bí a ṣe lè fi oúnjẹ ọdún ṣe ìtọ́jú. Mo kọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ occupational therapy, èyí tí a ń pè ní OT ní ọsibítù, fún nọ́ọ̀sì, fún fisíò, àti fún ọmọ tàbí àbúrò tó ń tọ́jú ẹni rẹ̀ nílé. Iṣẹ́ OT ni kí aláìsàn tún lè máa ṣe ohun tó ń ṣe kí àìsàn tó dé: wíwẹ̀, wíwọ aṣọ, títajà, dídáná. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní Oṣòdì l'Ékòó, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ ọ kò tíì kárí ọsibítù. Ẹni tó bá wà nítòsí ni iṣẹ́ náà sábà máa ń já lé lọ́wọ́.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ díẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 1917 ni àwọn kan péjọ ní Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni George Barton, ayàwòrán ilé tí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ti rọ rí, tó sì fi iṣẹ́ ọgbà àti iṣẹ́ igi gbé ara rẹ̀ dìde. Nílé wa níbí, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, ohun tó là sílẹ̀ ni pé aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ìbátan kan, ó kéré tán, lẹ́yìn wá: ẹni tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa sìn ín lọ sí ọsibítù. Iná ìdáná ti wà nínú ìtọ́jú nílẹ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí mo ń fẹ́ kí a fi kún un ni pé kí orógùn kúrò lọ́wọ́ ìbátan, kó bọ́ sọ́wọ́ aláìsàn.

Ẹ má tíì ra ata

Bí ọdún bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ jókòó ti aláìsàn. Ẹ má béèrè ohun tó fẹ́ràn láti jẹ. Ẹ bi í pé: lọ́jọ́ ọdún nílé yín, iṣẹ́ wo ni tiyín? Ìbéèrè yìí ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún lè má ti gbé ìkòkò kaná fún ọjọ́ pípẹ́, àwọn ìyàwó ilé ló ń sè. Ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń bu ọbẹ̀ lọ fún tọ́ wò kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀. Òun ló mọ abọ́ tó ń lọ sílé ta ni, òun ló mọ ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ fi adìyẹ ránṣẹ́ sí láìfi itan sí i. Bí ẹ bá gbé àlùbọ́sà lé irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ pé kó máa gé e, ẹ ti sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀. Ìpín ni kí ẹ fún un. Kó jókòó sídìí tábìlì, kó máa ka abọ́, kó máa dárúkọ, kó máa sọ ìwọ̀n tó tó àti èyí tó kù. Bí àìsàn bá ti mú ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu rẹ̀, orúkọ àwọn ará ilé lè wà lára ọ̀rọ̀ tó ń tètè yọ, ẹ sì lè gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ìpín tó tán.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tún yàtọ̀. Bàbá tí kò wọ ilé ìdáná rí láyé rẹ̀ yóò wo ẹ̀yin àti ṣíbí yín tìyanu-tìyanu, kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ mùsùlùmí, Iléyá ní iṣẹ́ tirẹ̀. Dídúńbú àgbò àti fífi àdá gé egungun kì í ṣe ti ẹni tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan rọ. Ẹ fi ìyẹn fún alápatà. Lẹ́yìn tí alápatà bá ti gé ẹran wẹ́wẹ́ tán ni iṣẹ́ bàbá bẹ̀rẹ̀. Àṣà ni pé kí ẹran náà pín sọ́nà mẹ́ta: ti ilé, ti ẹbí àti aládùúgbò, ti aláìní. Ẹ gbé abọ́ ńlá mẹ́ta síwájú rẹ̀, kí ẹ gbé èyí tó jìnnà jù sápá ibi tó rọ, kó lè máa yí ara rẹ̀ sí ibẹ̀, kó máa nawọ́. Ẹ jẹ́ kó fi ojú díwọ̀n rẹ̀, kó ṣírò rẹ̀, kó yí i padà bí ọ̀kan bá pọ̀ ju ìkejì lọ. Lẹ́yìn náà, kó máa kó o sínú ọ̀rá. Ọ̀rá kì í ṣí ẹnu fúnra rẹ̀; ọwọ́ kan ní láti di ẹnu rẹ̀ mú kí ìkejì tó lè ki ẹran bọ̀ ọ́, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ tó ti ń sùn ti ń rí iṣẹ́ ṣe. Dídi ẹnu ọ̀rá ní kókó le ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ má retí rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nínú ìjókòó yìí kan náà ni kí ẹ ti béèrè ẹ̀sìn àti èèwọ̀. Àwọn ìjọ kan wà tí kì í ṣe Kérésìmesì rárá. Àwọn ìdílé kan kì í jẹ ìgbín, àwọn mìíràn kì í jẹ òkété. Aláìsàn tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó sì fẹ́ gba ààwẹ̀ Ramadan gbọ́dọ̀ rí dókítà rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ oúnjẹ ìtúnu ọdún. Ẹ tún béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó lọ lè bú sẹ́kún nígbà tí òórùn ọbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹkún yẹn kò ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ jẹ́ kó sun ún, kí ẹ má sì sáré gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀.

Fùréjọ̀n, láti ṣíṣa dé pípín

Bó bá jẹ́ pé oúnjẹ ọdún kan ṣoṣo ni mo lè mú wọ yàrá ìtọ́jú, fùréjọ̀n ni n óò mú. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló gbé e wá. Títí di òní ni wọ́n ń sè é ní Pópó Àgùdà àti láwọn ilé onígbàgbọ́ mìíràn ní Gúùdù Fúráìdè tó ṣáájú Àjíǹde. Ẹ̀wà ni, a sè é títí ó fi rọ̀, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a fi omi àgbọn sè é títí ó fi dán bí ẹ̀kọ gbígbóná. Àwọn kan ń fi ṣúgà sí i, àwọn kan ń bu gàárì lé e lórí. Ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́, nítorí wọn kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà. Kò sí dídín nínú fùréjọ̀n fúnra rẹ̀, kò sí ìkánjú nínú rẹ̀, ìpele rẹ̀ sì pọ̀ débi pé èèyàn mẹ́rin tí àìsàn wọn yàtọ̀ síra lè jọ sè é.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Ẹ da ẹ̀wà sórí atẹ pẹrẹsẹ, kí aláìsàn máa ṣa òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Ó dà bí iṣẹ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ojú rẹ̀ ń dé. Àwọn kan wà tí àìsàn ti mú kí ọpọlọ wọn gbàgbé pé apá òsì ayé wà: wọ́n á jẹ ìdajì oúnjẹ tó wà lápá ọ̀tún àwo, wọ́n á ní àwọn ti jẹ ẹ́ tán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣa apá ọ̀tún atẹ mọ́ tónítóní, òkúta yóò sì kún apá òsì. Ẹ má bá a ṣa á. Ẹ so òwú pupa mọ́ etí atẹ lápá òsì, kí ẹ ní kó wá òwú náà rí kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì tún wá a rí kó tó ní òun ti parí. Ẹni tí ìka rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí lè fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là mú òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ ẹ̀wà bá kéré jù fún un, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti orí bíbó àlùbọ́sà.

Lálẹ́ Tọ́sìdeè ni ẹ ó rẹ ẹ̀wà. Èyí kò gba agbára, ìrántí ló gbà. Ẹ má rán aláìsàn létí. Ẹ ti jọ kọ ọ́ sórí ìwé láàárọ̀, ìwé náà wà lára ògiri níbi tó ti lè rí i, ẹ̀yin kàn ń wo bóyá yóò béèrè omi. Bí kò bá béèrè, ẹ dúró títí oúnjẹ alẹ́ yóò fi kọjá kí ẹ tó wí nǹkan kan.

Fífọ́ àgbọn kì í ṣe fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò gbọ́ tiẹ̀. Ẹlòmíràn ni kó fọ́ ọ, kí ẹ da omi rẹ̀ sínú ife fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Rírin àgbọn náà ní ewu tirẹ̀. Irin tí a fi ń rin ín kò mọ ọwọ́ yàtọ̀ sí àgbọn, ọwọ́ tí kò mọ ìrora mọ́ kò sì ní kígbe. Nítorí náà, ọwọ́ tó dá ni kó di àgbọn mú. Ọwọ́ tó rọ ni ẹ ó gbé lé etí abọ́, kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí abọ́ má baà yí. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura tó tutù sábẹ́ abọ́. Kò ní sún mọ́.

Fífún omi àgbọn ni ọkàn iṣẹ́ yìí. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ po àgbọn tí a rin, ẹ dì í sínú aṣọ funfun tó mọ́, kí aláìsàn fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Bí ó ti wù kí agbára ọwọ́ rẹ̀ kéré tó, yóò rí omi funfun tó ń jáde, ìyẹn ni ife oníke kò lè fún un. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ tó ń ká kò. Ẹlòmíràn lè dì mọ́ nǹkan kó má lè tú u sílẹ̀ mọ́. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, títú ìka ni iṣẹ́, kì í ṣe fífún. Ẹ jẹ́ kó fún un lẹ́ẹ̀kan, kó gbé ọwọ́ lé tábìlì, kí ìka nà tán pátá, kó tó tún fún òmíràn. Bí ọwọ́ náà bá ń le sí i dípò kó máa rọ̀, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì pe fisíò.

Lórí iná, ríro ni gbogbo rẹ̀. Omi àgbọn àti ẹ̀wà máa ń jóná nísàlẹ̀ ìkòkò bí a bá fojú kúrò lára rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í pẹ́ fò lọ yóò ní ìdí láti dúró tì í. Ẹni tó ń kọ́ ìdúró lè dúró sídìí tábìlì ìdáná, kí ẹni kan wà lẹ́yìn rẹ̀, kí àga sì wà nítòsí. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan, ẹ gbé àwo iyọ̀ lọ sápá kejì, kó lè máa fì sí ibẹ̀. Èyí sàn ju kí ẹ máa pariwo pé “ẹ dúró dáadáa” lọ.

Kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni tọ́ ọ wò, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó ń gbé nǹkan mì dáadáa. Lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, ọ̀fun púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Fùréjọ̀n tó dán, tó sì ki díẹ̀, rọrùn fún ọ̀pọ̀ wọn ju ìrẹsì lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀fun ni kó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Kò sí gàárì lórí ti irú ẹni yìí. Ẹni tí wọn kò tíì gbà láàyè láti fi ẹnu jẹun lè gbóòórùn rẹ̀, ó lè wo bó ṣe ki tó, ó lè pín in fún ẹlòmíràn.

Àwọn oúnjẹ mìíràn

Mọ́ínmọ́ín dára fún ìka. Kíká ewé rẹ̀ gba ọwọ́ méjì tó gbọ́n, ẹni tó ní ọ̀kan ṣoṣo yóò rò pé òun ò lè ṣe é mọ́ láé. Ẹ ká ewé náà, kí ẹ kì í bọ inú ife kó lè dúró fúnra rẹ̀, kó wá fi ọwọ́ kan bu ẹ̀wà sí i. Ife oníke yẹn wúlò fún nǹkan, ṣé ẹ rí i. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù Kérésìmesì dára fún ẹgbẹ́ èèyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò rẹ̀ wúwo, òṣìṣẹ́ ni kó máa gbé e kaná kó sì sọ ọ́. Chin-chin: kí wọ́n po ìyẹ̀fun, kí wọ́n gé e, kí òṣìṣẹ́ dín in. N kò fara mọ́ kí aláìsàn kankan dúró ti òróró gbígbóná nínú yàrá tí èèyàn pọ̀ sí. Gígún iyán kò sí fún ẹni tí èjìká rẹ̀ ti yẹ̀ lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, bó ti wù kó máa bẹ̀bẹ̀ tó.

Ọwọ́ yín dà?

Èyí tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí olùtọ́jú kó ọwọ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn. Aláìsàn mú ọ̀bẹ, ó ń wo tòmátò, kò ṣe nǹkan kan. Olùtọ́jú gba ọ̀bẹ, ó gé e ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Tòmátò ti gé, ìtọ́jú ti bàjẹ́.

Ẹ dákẹ́ ná, kí ẹ ka ẹní, èjì títí dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín. Bí kò bá tíì ṣí, ẹ bi í léèrè: “Kí ló kù ká ṣe?” Bí kò bá gbọ́ ìyẹn, ẹ nawọ́ sí ohun tó kàn láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ tó lè sọ ọ́ fún un ní tààrà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ tó lè fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bíbá a ṣe é ló gbẹ̀yìn pátápátá. Ohun tí ẹ ó kọ sínú ìwé rẹ̀ ni ibi tí ìrànlọ́wọ́ dé kí iṣẹ́ tó lọ. Bó bá jẹ́ pé ní Kérésìmesì ẹ ní láti fọwọ́ kàn án, tó wá jẹ́ pé lọ́dún Àjíǹde ìbéèrè lásán ti tó, ìlọsíwájú nìyẹn, bí ọbẹ̀ tilẹ̀ jóná lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ní 1993, Carolyn Baum àti Dorothy Edwards gbé ìdánwò kan jáde ní Amẹ́ríkà tó fi síse púdínnì yẹ iyè àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà wò. Ohun mẹ́fà ni wọ́n ń wò: ṣé ó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣé ó lè kó ohun èlò jọ, ṣé ó ṣe gbogbo ìpele rẹ̀, ṣé ó tò wọ́n bó ṣe yẹ, ṣé ó mọ ibi tí ewu wà, ṣé ó mọ̀ nígbà tí iṣẹ́ parí. Mọ́ínmọ́ín ń dáhùn ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ lè fi wọ́n wo aláìsàn yín, ṣùgbọ́n ẹ má pe máàkì tiyín ní máàkì ìdánwò yẹn, torí púdínnì ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe ẹ̀wà.

Àwọn ará ilé ńkọ́? Wọn yóò dé, wọn yóò bá ìyá wọn nídìí atẹ, ojú wọn yóò yí padà. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí màmá wa sinmi. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí, ta ló ní kí wọ́n máa ṣa ẹ̀wà?” Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ìtìjú sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: kí aládùúgbò má baà ní wọ́n fi àgbàlagbà ṣiṣẹ́. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fi ìwé hàn wọ́n: níbí ni ọwọ́ màmá dé lóṣù tó kọjá, níbí ló dé lónìí. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn níṣẹ́, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ ni yóò gba ọ̀bẹ. Ẹ rán ọ̀kan lọ ra ẹja, kí èkejì máa fọ abọ́.

Bí ẹ ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ẹ má sọ pé, “Màmá, ó yá, ẹ ṣe eré ìdárayá ọwọ́ yín.” Ẹ ní, “Màmá, mi ò sè é rí. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀wà ti rọ̀ tó?” Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín kò sè é rí lóòótọ́. Àgbàlagbà tó di olùkọ́ yóò dìde dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Iná, ọ̀bẹ àti iyọ̀

Ọwọ́ tó dá ni kí aláìsàn máa fi tọ́ omi gbígbóná wò, torí ọwọ́ kejì lè bó kó má mọ̀. Kí wọ́n ká apá aṣọ sókè, kí ìborùn gígùn máa gbé ẹ̀yìn. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ nǹkan lára mọ́ gbọ́dọ̀ wọ bàtà tó bo ìka, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹni tí wárápá ń gbé kò gbọdọ̀ dá dúró nídìí iná. Fún ẹni tó ní ọwọ́ kan, ẹ pe káfíńtà kó kan ìṣó méjì tí kì í dípẹtà láti abẹ́ pákó ìgẹ́fọ̀ọ́ kí ẹnu wọn yọ sókè: iṣu tàbí àlùbọ́sà ni a ó gún mọ́ ọn, yóò sì dúró jẹ́ẹ́ kí ọ̀bẹ fi kàn án. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ ki kọ́ọ̀kì bọ orí ìṣó.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ló jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé wọn dé ọsibítù, nítorí náà ilé ìdáná yìí kò gbọdọ̀ dá wọn padà sí ibẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn nǹkan bí ṣíbí tíì kan, gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà pọ̀. Kúúbù ìsebẹ̀ wà nínú ìṣírò yẹn, torí iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ wọn iyọ̀ ọjọ́ náà sínú abọ́ kékeré níṣojú aláìsàn, kó jẹ́ òun ni yóò pín in sí ọbẹ̀ àti ìrẹsì. Ẹ jẹ́ kí irú, ata, àlùbọ́sà àti efinrin ṣe ìyókù. Wọ́n á kọ́kọ́ ráhùn pé ọbẹ̀ tẹ́. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá ti ń jẹ oúnjẹ tí kò níyọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì pa wọ́n.

Ààrò ilé kì í ṣe tábìlì ọsibítù

Èyí ni ohun tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Obìnrin lè se ìrẹsì délẹ̀délẹ̀ lórí gáàsì tó wà lórí tábìlì ọsibítù, kó délé kó má lè ṣe nǹkan kan, torí pé orí àpótí ló máa ń jókòó sí nílé, nídìí ààrò, nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Dídìde láti orí àpótí pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tó rọ le ju gbogbo sísè lọ. Ẹ béèrè irú iná tó ń lò. Bó bá jẹ́ igi tàbí èédú, ẹ dá a lẹ́yìnkùlé ọsibítù, kí ẹ gbé àpótí sí i. Bí dídìde kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí káfíńtà gbé ẹsẹ̀ àpótí ga, tàbí kí àwọn ọmọ fi búlọ́ọ̀kù gbé sítóòfù sókè kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o dáadáa bó bá jókòó sórí àga. Kí èyí ti parí kí ó tó padà sílé fún ọdún.

Ní wọ́ọ̀dù àìsàn ọpọlọ àti ti oògùn olóró

Níbí, ọwọ́ kọ́ ni ìṣòro. Ohun tí ẹ ń wá ni kí èèyàn lè wéwèé, kó bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ láìjà, kó parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú wọn lọ sọ́jà. Kí wọ́n kọ ohun tí wọn yóò rà, kí wọ́n ná an, kí wọ́n gba ṣéńjì, kí wọ́n sì jíhìn. Ọ̀pọ̀ oògùn àìsàn ọpọlọ ń mú oorun wá tàbí kí ọwọ́ máa gbọ̀n, nítorí náà ẹ béèrè àkókò tí wọ́n ń lò ó kí ẹ tó pín ọ̀bẹ. Kíka ni ọ̀bẹ ń jáde, kíka náà ni yóò wọlé.

Fún ẹni tó ń jáwọ́ nínú ọtí, ọdún gan-an ni ewu. Bíà yóò wà lórí tábìlì, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ yóò dé. Ẹni tó ní ìkòkò tó ń bójú tó ní ìdí tó mọ́yán lórí láti má jókòó tì wọ́n, kò sì ní láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́ ọ ní oúnjẹ kan títí yóò fi mọ̀ ọ́n dunjú, kí ẹ sì bá ará ilé rẹ̀ sọ ọ́ ṣáájú pé òun ni yóò sè é lọ́jọ́ ọdún. Àwọn kan sì wà ní wọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni kò ní wá kí. Ẹ má fi wọ́n sí ipò àlejò tí a ń bu oúnjẹ fún. Àwọn ni kó bu oúnjẹ fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Yàrá náà

Ọ̀pọ̀ ọsibítù wa ló ní ilé ìdáná ńlá tí aláìsàn kò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ̀, wọ́n sì ní yàrá ìtọ́jú tí kò ní ẹyọ ìkòkò kan. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kò tó nǹkan: yàrá kan tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, omi, tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì, àga mẹ́rin tó ní ibi ìfarati, gáàsì kan, ààrò kan lẹ́yìnkùlé, ìkòkò tí etí rẹ̀ méjèèjì le, àti garawa yanrìn fún iná. Owó tí wọ́n ń ná sórí ẹ̀rọ kan tí kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kejì yóò ra gbogbo rẹ̀, yóò sì ṣẹ́ kù. Ẹ̀yin alákòóso ọsibítù, ẹ yọ̀ǹda yàrá náà kí Kérésìmesì tó ń bọ̀ yìí tó dé.